Ọmọrí

Ọjọ́ kẹta rèé tí ọkọ̀ Bàbá Wọ́rù ti panu mọ́
ní èbúté Mónáì.
Bí a bá fa ọwọ́ ọmọrí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ń wá wẹ́rẹ́,
bí ìgbà téèyàn ń fa okùn kànga tí kò sí korobá nídìí ẹ̀.
Mo ti mọ̀: wáyà ti já nínú lọ́hùn-ún,
ìkọ́ sì wà níbi tó wà,
ó di ọmọrí mú bí alákàn ṣe ń di ìka mú.

Pákó ọ̀gánwó ni wọ́n fi kàn án, kì í ṣe ọ̀rá bíi tòde òní.
Òyìnbó kan tó wá bá wọn dá odò dúró ló fi sílẹ̀;
òun ló ń wà á, ajá rẹ̀ a jókòó níwájú bí ọ̀gá.
Bàbá Wọ́rù rà á ní ọgọ́rin náírà,
nígbà tí náírà ṣì ń jẹ́ náírà.
Ó fi gbé ẹja, ó fi gbé aláboyún,
ó fi gbé òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé lẹ́ẹ̀kan.

Wẹ́dà kan wá láti Wáwà, ó ní òun á gé e.
“Gé kí ni?” ni bàbá bi í.
“Ó yá, bẹ̀rẹ̀ látorí mi.”

Èmi ọmọ Kìṣí, ọwọ́ mi ò yá tó bẹ́ẹ̀.
Mo fi etí lé pákó,
mo ń fi ìka kàn án láti ọ̀tún bọ̀ sósì
títí ó fi kúrò ní kó-kó, tó di kí-kí.
Ibẹ̀ ni.
Mo tú àwọ̀n ojú ihò atẹ́gùn, nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó ti dípẹtà,
mo ta kẹrosíìnì sí i, mo ní kó máa mu ún
títí wọn yóò fi kírun Alásárì.
Mo tẹ ẹnu sípóòkù kẹ̀kẹ́ bí ìwọ̀,
mo tì í wọlé tòun tọwọ́.

Mo kan páìpù. Mo kan bẹ́líìtì.
Mo kan nǹkan tó rọ̀, ìtẹ́ eku,
mo tọrọ àforíjì.
Mo wá kan ahọ́n ìkọ́ náà.
Mo fà. Kò mì.
Mo tún fà. Sípóòkù nà tán bí ọ̀pá.

Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè mi ti bó.
Omi dúdú ti dé láti òkè, adágún kún dẹ́nu.

Ìgbà náà ni bàbá dìde,
ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún,
ó gun orí ọmọrí náà, ó jókòó lé e gbọin.
Mo ní, “Bàbá, ṣíṣí la fẹ́ ṣí i.”
“Mo gbọ́. Rọ́bà etí rẹ̀ ló ń tì í sókè,
ìkọ́ ò ráyè mí.
Ẹ tẹ̀ ẹ́ ná, kó lè fi í sílẹ̀. Fà.”

Mo fà.
Ká!
Kékeré báyìí, bí ẹni ta ìka.

Bàbá ò dìde.
Ojú rẹ̀ wà lórí omi, lápá ibi tí Bùsá àtijọ́ wà nísàlẹ̀.
“Ìlẹ̀kùn yàrá ìyá mi ní ìkọ́ onígi kan,
a ó tì í sẹ́yìn kó tó ṣí síwájú.
Lọ́jọ́ tí à ń kó kúrò, a ti wọ mọ́tò tán,
ìyá mi bọ́ sílẹ̀, ó padà lọ tì í.
Ta ló fẹ́ wọlé? Ẹja?
Ó ṣáà tì í.”

Mo ń nu sípóòkù tí kò dọ̀tí.
Sabi, ọmọ ọmọ rẹ̀, ní ṣé ká gbé e?
Mo ní kó ní sùúrù, bàbá ṣì jókòó lé e.

Nígbà tó yá ó na ọwọ́ sí mi.
Bó ṣe dìde, ọmọrí tẹ̀ lé e,
ìwọ̀n ìka méjì, fúnra rẹ̀,
òórùn ọ́ìlì àtijọ́ sì jáde wá kí wa.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti so okùn mọ́ ìdí ìkọ́,
mo yọ ẹnu rẹ̀ síta níbi ihò atẹ́gùn,
nítorí ọjọ́ mìíràn.
Bàbá wò ó títí.
Ó ní kí n gé e kù díẹ̀,
kí ẹja má baà máa fà á.